Níbi Tí Mílíìkì Ò Bá Ti Wọ́n

Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn yìí kò gbé mi kọjá òkun, kò tilẹ̀ gbé mi dé Ìlọrin. Ẹ̀yìn odi Ìbàdàn ni mo yí ká, mo sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Mo ti lọ sí Jọ́ọ̀sì rí, mo sì ti lọ sí Àkúrẹ́ láìmọye ìgbà, síbẹ̀ kò sí èyí tó rẹ̀ mí tó èyí nínú wọn, nítorí pé látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo ń wá ẹni tí yóò rẹ́ mi jẹ kiri.

Ìyá mi ló fà á. Erunmu ni wọ́n ń gbé, lápá Ẹgbẹ́dá, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Láti ìgbà tí ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú ti kó lọ, Màmá nìkan ló kù níbẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ igbe wọn. Ẹsẹ̀ wọn ti san, ọkàn tèmi ni kò tíì san. Bí fóònù bá dún láàárọ̀, àyà mi á já. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Bódìjà, wọ́n ní àwọn ò lè gbé níbi tí wọ́n ti ń fowó ra omi mu.

“Àjàní, gbogbo nǹkan ìgboro ló wọ́n. Agolo mílíìkì tí mo fi ń mu tíì yìí, èló ni wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ yín?”

Mo ní kò wọ́n tó ti Erunmu. Màmá rẹ́rìn-ín títí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àbúrò wọn obìnrin kan ń bẹ ní Akínyẹlé tó ti ń pè wọ́n pé kí wọ́n wá, ọ̀rẹ́ wọn kan sì ń bẹ ní Lálúpọn tí òun náà ń pè wọ́n. Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n dá ẹjọ́ náà báyìí:

“Ó dáa. Ra agolo kọ̀ọ̀kan wá láti Akínyẹlé, láti Lálúpọn, láti ọ̀dọ̀ yín, àti láti Erunmu níbí. Irú kan náà, ìwọ̀n kan náà. Níbi tí mílíìkì ò bá ti wọ́n, ibẹ̀ ni màá kó lọ. Ṣùgbọ́n mú ìyàwó mi dání, ẹnu rẹ̀ ni màá ti gbọ́ iye tí ẹ rà á.”

Ìyá Bọ́lá, ìyàwó tí mo fẹ́ sílé, ni Màmá ń pè bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kì í parọ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn mi, irọ́ ni kò lè pa. Nígbà kan tí a pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ń sọ fún pásítọ̀ pé táyà ló jò, òun ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ní fìlà ni mo ń wá. Nítorí náà, mo mọ̀ pé kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Alẹ́ Fúráìdè ni mo ti ra ti àdúgbò wa. Ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní òpópónà wa ni mo ti rà á, níbi tí wọ́n ti ń lẹ iye mọ́ ọjà lára. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà ni. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í ná ọjà. Bí o bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n o, bí o bá jẹ́ agbálẹ̀ o, iye kan náà ni ẹ̀rọ yóò tẹ̀ jáde fún ọ, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kò sì ní wo ojú rẹ. Tẹ́lẹ̀ rí, n kì í fẹ́ràn ìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó wù mí púpọ̀.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Sátidé tí takisí tí mo háyà fi dé iwájú ilé wa. Múkáílà ni awakọ̀ náà ń jẹ́, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ti pé àádọ́ta ọdún, tí gbogbo àdúgbò máa ń pè bí wọ́n bá fẹ́ rìn jìnnà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà ló gbà láti gbé wa yí gbogbo ibẹ̀ ká. Ìyá Bọ́lá wọ ọkọ̀, ó di bẹ́líìtì, ó ní, “Bàbá Bọ́lá, owó yìí ra páálí mílíìkì kan, yóò sì ṣẹ́kù.” Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà ìrìn àjò ná.

A gba Ojóò lọ sí Mọ́níyà. Ní Ojóò, ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n ń ta àkàrà kan, ọgọ́rùn-ún náà ni ní Mọ́níyà, ṣùgbọ́n ti Mọ́níyà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì ti Ojóò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí nǹkan ṣe wọ́n tó níbì kan, kó má fi etí nìkan gbọ́ iye rẹ̀, kó fi ọwọ́ gbé e wò. A jẹ àkàrà náà pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná, Múkáílà jẹ tirẹ̀ lórí ìdúró nítorí ó ní awakọ̀ tó bá jókòó jẹun, oorun ló ń pè.

Ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà ni a dúró sí ní Akínyẹlé. Obìnrin tó ni ìsọ̀ ń gbálẹ̀ iwájú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo kóòtù mi, ó wo awò ojú mi, ó wo ọkọ̀ tó gbé mi wá, ó wá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀fà náírà ni agolo kan. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i kú iṣẹ́. Bí Akínyẹlé bá fi igba náírà ju àdúgbò wa lọ, Akínyẹlé ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo yọ owó jáde kíá.

Ojú obìnrin náà yí padà.

“Bàbá, ẹ ò ní ná an?”

“Rárá o. Iye tí ẹ pè é ti tẹ́ mi lọ́rùn.”

Ó gba owó náà, ó nà án sí oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ kejì fa agolo rẹ̀ sẹ́yìn. “Ẹ má bínú o, Bàbá. Ṣé ìjọba ló rán yín ni? Torí mo ti san owó ìsọ̀ mi.”

Ni Múkáílà bá bọ́ọ́lẹ̀. Ó ti rò pé ojú ń tì mí ni, pé ìwé tí mo kà ti gba ẹnu ìnájà lẹ́nu mi. “Ìyá, ẹ wo orí funfun bàbá yìí kí ẹ tó pe iye. Ẹgbẹ̀rin ni ẹ gbà.” Ojú obìnrin náà rọ̀ wọ̀ọ̀, ó ti rí irú èèyàn tó mọ̀. Ó ní òun ò rà á bẹ́ẹ̀, Múkáílà ní kó ro ti oníbàárà àárọ̀, ó ní kó mú ẹgbẹ̀rún wá, Múkáílà ṣe bí ẹni ń wọ mọ́tò. Mo ń fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó rò pé mò ń ki òun láyà ni. Nígbà tí wọn yóò fi parí rẹ̀, wọ́n ti fà á wálẹ̀ dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé àádọ́ta, obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi súìtì méjì ṣe ẹ̀ènì fún Ìyá Bọ́lá.

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé àádọ́ta,” ni Ìyá Bọ́lá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ẹsẹ Bíbélì sórí.

Àádọ́ta náírà péré ló kù kí ìyá mi kó lọ sí Akínyẹlé. Nígbà tí a wọ mọ́tò, mo sọ fún Múkáílà pé láti ìsinsìnyí lọ, kó má ṣe bá mi ná nǹkan kan mọ́. Ó wò mí nínú dígí.

“Bàbá, láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bá mi bínú pé mo jẹ́ kí owó ṣẹ́kù sí wọn lápò.”

Kò jìnnà sí ọjà màlúù ni a ti rí àwọn obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà. Màmá fẹ́ràn wàrà, Ìyá Bọ́lá sì ní a ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́wọ́ òfo. Ó ti gbọ́ Háúsá díẹ̀ nígbà tó ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kàdúná, kì í sì í jẹ́ kí ó ṣòfò. Ó nàró síwájú obìnrin kan, ó ní, “Nawa?” Èló ni ìyẹn, lédè Háúsá. Obìnrin náà gbé ojú sókè láti inú igbá rẹ̀, ó sì fi Yorùbá tó já gaara ju tèmi lọ dá a lóhùn pé, “Ìyá wa, igba náírà ni ẹyọ kan. Bí ẹ bá mú márùn-ún, màá fi ẹyọ kan jìn yín. Ọmọ Akínyẹlé ni mí o, ẹ bá mi sọ Yorùbá.” Ní Bódìjà, ọ̀ọ́dúnrún ni irú wàrà kan náà, ó sì ti máa ń kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Múkáílà bi mí bóyá wàrà náà kì í ṣe mílíìkì. Mo ní alágolo ni Màmá wí. Mo sọ ọ́ kíkan, nítorí mo rí i tí Ìyá Bọ́lá ti ń rò ó.

A padà sí Ojóò, a gba ọ̀nà márosẹ̀ dé Ìwó Road, a wá yà sí ọ̀nà Ìwó. Olódó kọjá, Ìyànà Ọ̀fà kọjá. Ọ̀nà náà ní ibi tó dán, ó sì ní ibi tí Múkáílà ti ń wa mọ́tò bí ẹni tó ń jó. Ike wàrà wà lórí ẹsẹ̀ mi, gbogbo kòtò tí a bá bọ́ sí ló ń ta omi rẹ̀ sí mi ní ṣòkòtò.

Ní Lálúpọn, mo bọ́ kóòtù sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kí wọ́n má baà tún fura sí mi. Ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí ni mo wọ̀. Obìnrin tó wà nínú rẹ̀ ń wọn ṣúgà sínú ọ̀rá. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé ife ìwọnṣúgà sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí ilẹ̀.

“Tíṣà wa. Rísíkà nìyí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin.”

Lóòótọ́ ni mo ti ṣe tíṣà rí ní Lálúpọn, nígbà tí irun mi ṣì dúdú. Inú mi dùn láti rí i, kò sí tíṣà tí inú rẹ̀ kò ní dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní mo fẹ́ ra agolo mílíìkì kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

“Mi ò lè gbowó lọ́wọ́ yín.”

Mo wo Ìyá Bọ́lá. Ó gbé èjìká. “Ọ̀fẹ́ ni màá sọ fún Màmá nìyẹn. Ní Lálúpọn, ọ̀fẹ́.”

Mo na owó sí i. Mo bẹ Rísíkà pé kó gba owó. Ó ní kí n jẹ́ kó jẹ́ ẹgbẹ̀ta bí mo bá ta kú. Mo ní kó gbé e sókè sí i. Ó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kó pe ẹgbẹ̀fà, bí ó bá fẹ́ràn mi. Àwọn méjì tó wá ra gààrí dúró, wọ́n la ẹnu, wọn ò rí irú ìnájà bẹ́ẹ̀ rí, kí oníbàárà máa gbé e sókè kí ọlọ́jà máa fà á wálẹ̀. Rísíkà rò pé mò ń bínú sí i nítorí ọ̀rọ̀ kan látijọ́, ó sì tún kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ló bá di dandan kí n ṣàlàyé. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un, ti kànga, ti fóònù àárọ̀, àti ti ìdájọ́ tí Màmá gbé kalẹ̀. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní ẹgbẹ̀rún náírà ni òun ń tà á fún gbogbo ayé. Ọkàn mi balẹ̀. Ìyá Bọ́lá, tí kò lè fi nǹkan sílẹ̀ láìtú u wò, wá bi í pé, “Bí Màmá bá wá gbé níbí, tí wọ́n wá ra mílíìkì lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?”

“Ìyá Tíṣà? Kí wọ́n wá rà á? Màá máa gbé e lọ bá wọn nílé láràárọ̀ ni. Ta ni yóò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn?”

Mo jókòó sórí àpò ìrẹsì rẹ̀. Mo ti ń rí Màmá nínú ọkọ̀ akẹ́rù, pẹ̀lú ibùsùn wọn àti adìẹ wọn, tí wọ́n kọrí sí Lálúpọn. Ìyá Bọ́lá dúró, ó ń ronú. Ó ní ẹ̀bùn ni ti Rísíkà, ẹ̀bùn kì í ṣe ọjà, òun ò sì lè ka ẹ̀bùn mọ́ iye ọjà. A gbọdọ̀ lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ wá. Báyìí ni a ṣe rékọjá títì lọ sí ìsọ̀ òdìkejì, tí a ra agolo kan ní ẹgbẹ̀rún náírà lójú Rísíkà. Ó dùn ún gan-an, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó sáré wá bá wa nídìí ọkọ̀, ó sì fi agolo tirẹ̀ sọ́wọ́ mi. “Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ààyè wà ní Lálúpọn o.” Mo ní mo gbọ́.

Ní Adégbayì, níbi tí ọ̀nà Ifẹ̀ ti ń kúrò ní Ìbàdàn, a dúró ra búrẹ́dì. Ohun kan tí mo kíyè sí níbẹ̀ nìyí: bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín bá ṣì ń dún, ẹgbẹ̀jọ náírà ni búrẹ́dì, bí ẹ bá pa á, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ kí wọn, ó di ẹgbẹ̀jẹ. Ẹni tó ń kánjú kọjá lọ ló ń san owó ìkánjú. Wàrà ti ń rùn díẹ̀díẹ̀ nínú ọkọ̀, Múkáílà yọ orí síta fèrèsé bí ó ti ń wakọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ọmọlúwàbí ni.

Ó ti di ọ̀sán kí a tó dé Erunmu. Ìsọ̀ Ìyá Sàká, aládùúgbò Màmá, ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ẹgbẹ̀fà náírà ló pe agolo kan. Ó ní ọkọ̀ tó gbé e wá, ọ̀nà tí ọkọ̀ náà gbà, àti epo tí ọkọ̀ náà mu, gbogbo rẹ̀ wà nínú agolo náà. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mo san án, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọrin.

Màmá jókòó síwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo to àwọn agolo náà sórí bẹ́ǹṣì níwájú wọn, Ìyá Bọ́lá kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì ka iye wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Akínyẹlé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé àádọ́ta, Lálúpọn, ẹgbẹ̀rún, Erunmu, ẹgbẹ̀fà, Bódìjà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Ó sọ ti ẹ̀bùn Rísíkà pẹ̀lú, nítorí bí ìwà rẹ̀ ti rí nìyẹn. Màmá gbé àwọn agolo náà wò, wọ́n gbọ̀n wọ́n létí.

“Ìyàwó mi, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni lọ́dọ̀ yín lóòótọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Bí èèyàn bá ra odidi páálí ńkọ́?”

“Ó máa ń já sí ẹgbẹ̀rin, Màmá.” Irọ́ ni kò lè pa.

Màmá dìde, wọ́n wọlé lọ. A gbọ́ tí wọ́n ń fa nǹkan. Mo wo Ìyá Bọ́lá, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ fún Múkáílà pé kó lọ ṣí búùtù, ẹrù ń bọ̀. Ẹrù jáde lóòótọ́. Tábìlì kékeré kan tó ti wà nínú yàrá ayálégbé ni Màmá ń fà bọ̀. Wọ́n gbé e síbi tí òjìji wà, wọ́n nù ún, wọ́n sì kó agolo márààrún lé e lórí, wọ́n kọ ojú wọn sí títì.

“Ẹgbẹ̀rin ó lé àádọ́ta ni màá máa tà á. Àjàní, páálí kan ni kí o máa gbé wá fún mi ní Sátidé Sátidé.”

“Màmá, àdéhùn wa ńkọ́? Ẹ ní ibi tí mílíìkì ò bá ti wọ́n ni ẹ máa gbé.”

“Mo wí bẹ́ẹ̀. Níbo ló ti ń jẹ́ ẹgbẹ̀rin ó lé àádọ́ta nínú gbogbo ibi tí ẹ lọ?” Wọ́n jókòó. “Ibí ni. Ibí náà ni mo sì wà.”

Mo wo tábìlì náà. Agolo tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ẹgbẹ̀fà ti wà lórí àtẹ, wọ́n fẹ́ tà á ní ẹgbẹ̀rin ó lé àádọ́ta. Mo wá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ mílíìkì, pé ẹ̀rù ló ń bà mí, pé bí wọ́n bá tún ṣubú, ta ni yóò mọ̀?

Màmá wò mí, ojú wọn sì rọ̀. “Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n arúgbó tó jókòó sínú yàrá ní Bódìjà, ta ló ń béèrè rẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì tó tibi iṣẹ́ àti ìpàdé dé? Ẹni tó ń ta mílíìkì tí kò wọ́n, bí kò bá patẹ láàárọ̀, gbogbo ẹni tó fẹ́ mu tíì ló máa wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.”

Ìyá Bọ́lá ní òótọ́ ni. Múkáílà, tí ẹnikẹ́ni kò bi, ní òun á máa gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ láti gbé mi wá sí Erunmu ní Sátidé, nítorí pé a ti di oníbàárà. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. A jẹ wàrà, a jẹ búrẹ́dì, Màmá sì ta agolo àkọ́kọ́ lójú wa, fún Ìyá Sàká.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé Bódìjà. Mo fẹ́ mu tíì, kò sí mílíìkì nílé. Látàárọ̀ ni mo ti ń wá ẹni tí yóò rẹ́ mi jẹ, mo wá a dé Akínyẹlé, mo wá a dé Lálúpọn, kò sí ẹni tó gbà. Iwájú ilé ìyá mi ni ẹni náà jókòó sí tó ń ṣa ẹ̀wà. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé iye tí wọ́n pe ọjà kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ọjà. Mo mu tíì mi ní dúdú, inú mi sì dùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, fóònù dún kí n tó dìde. Àyà mi já bíi ti àtẹ̀yìnwá. Màmá ni.

“Àjàní, mo sùn gbàgbé díẹ̀ lónìí, ni wọ́n bá ń gbá ilẹ̀kùn mi gbàgbàgbà pé mílíìkì dà. Páálí méjì ni kí o gbé wá.”